Ọpọ́n Ńlá Lẹ́nu Lẹ́ẹ̀tì: Lámèyítọ́ Iṣẹ́ Igi Yíyí ní Accra

Ní ọjà iṣẹ́ ọnà tó wà nítòsí etíkun Accra, èyí tí tàgbà tèwe mọ̀ sí Arts Centre, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọlọ́jà fi máa ń gbé ọpọ́n onígi lárugẹ: ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Oníbàárà yóò fi ìka tọ ipa àáké lára ọpọ́n náà, yóò mi orí, yóò sì na owó sílẹ̀. Bí òmíràn bá wà nítòsí tó rí roboto láìní kọ̀ǹgọ̀, tí ara rẹ̀ ń jọ̀lọ̀, ìfura ni yóò fi wò ó: àbí ẹ̀rọ ló ṣe é? Ìfura yìí ti di òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ra iṣẹ́ ọnà, àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ pàápàá ń lò ó láìbi í léèrè bó ṣe jẹ́.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n náà kò péye. Ẹ̀rọ ayígi, tí àwọn káfíńtà wa ń pè ní lẹ́ẹ̀tì, ẹyọ ohun kan ló ń fún oníṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ohun náà sì ni òbìrìkìtì. Bí ikùn ọpọ́n yóò ṣe yọ, bí ògiri rẹ̀ yóò ṣe nípọn tó, ibi tí ìdí rẹ̀ yóò fi jókòó, irú ètè tí ẹnu rẹ̀ yóò ní, gbogbo wọn ṣì wà lọ́wọ́ ènìyàn. Bí ọpọ́n bá sì ṣe tóbi sí i ni ìrànwọ́ ẹ̀rọ ń dín kù, tí ewu rẹ̀ ń pọ̀. Ìdí nìyí tí ọpọ́n ńlá fi jẹ́ ibi tó dára jù láti yẹ ìbáṣepọ̀ ọwọ́ àti ẹ̀rọ wò.

Kí lẹ́ẹ̀tì tó dé

Iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ti fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ Akan kí ẹ̀rọ kankan tó dá sí i. R. S. Rattray, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn tó wá di onímọ̀ àṣà Àṣàǹtí, kọ nípa rẹ̀ nínú Religion and Art in Ashanti, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1927. Ó ṣàlàyé bí agbẹ́nà ṣe ń ṣètùtù fún igi kí ó tó gé e lulẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé àwọn igi kan ní ẹ̀mí tó lágbára. Igi funfun kan tí wọ́n ń pè ní sẹsẹ ni wọ́n fi ń gbẹ́ àga; tweneboa, ẹbí igi tí àwa Yorùbá ń pè ní ọmọ̀, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìlù. Odindi ìtì igi kan ṣoṣo ni àga Àṣàǹtí ti ń jáde, ìjókòó rẹ̀, òpó àárín rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, láìsí ìṣó, láìsí oje ìlẹ̀mọ́. Ahwiaa tó wà lẹ́bàá Kumasi ṣì lókìkí fún iṣẹ́ yìí títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn agbẹ́nà tó wà lọ́nà Aburi, lórí òkè tó kọjú sí Accra.

Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ní ètò iṣẹ́ tó bá èyí mu. Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó wà nídìí ilé iṣẹ́ ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì, kọ ọ́ sínú Yoruba Religious Carving ní 1967 pé ìpele mẹ́rin ni wọ́n máa ń là kọjá. Ọnà líle ni àkọ́kọ́, nígbà tí àáké ń la ìtì igi sí ìrísí gbòógì. Alétúnlé tẹ̀ lé e, nígbà tí agbẹ́nà padà sórí ìrísí náà láti pín in sí wẹ́wẹ́. Dídán ni ẹ̀kẹta, tí ọ̀bẹ fi ń mú ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, níbi tí ọnà ojú, irun àti aṣọ ti ń hàn. Kí òǹkàwé fi ètò yìí sọ́kàn, nítorí òun ni a máa fi yẹ ọpọ́n lẹ́ẹ̀tì wò láìpẹ́.

Lẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná. Nínú ibojì Petosiris ní Íjíbítì, tó ti wà láti nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Krístì, àwòrán kan wà lára ògiri níbi tí ẹnì kan ti ń fa okùn láti yí igi, tí ẹnì kejì sì ń fi irin gbẹ́ ẹ. Ní etíkun Gánà, ilé iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì Basel dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1850 ní Christiansborg, ìyẹn Osu òde òní, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àti iṣẹ́ kẹ̀kẹ́-ẹrù ṣíṣe. Ilé iṣẹ́ Basel ni Tetteh Quarshie ti kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, kí ó tó di ẹni tó mú kòkó wọ̀lú láti Fernando Po ní 1879. Láti ìgbà náà ni irinṣẹ́ àwọn ará Yúróòpù ti di ohun tí ọwọ́ oníṣẹ́ Gánà mọ̀ dunjú.

Ọgbà Achimota, tó ṣí sílẹ̀ ní 1927, ló sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ẹ̀rọ di àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé. H. V. Meyerowitz, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ agbẹ́gilére, dé síbẹ̀ ní nǹkan bí 1936. Ó gbà pé inú iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìgbàlódé ti gbọ́dọ̀ hù jáde, èyí ló sì bí ilé ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ ọwọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943. Ikú Meyerowitz ní 1945 mú kí ètò náà rẹ̀yìn, nígbà tó sì di 1952 ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ti kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tuntun ní Kumasi. Lójú tèmi, ohun tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ni ìpínyà tí a ṣì ń jìyà rẹ̀: igi gbígbẹ́ di ọnà tí a ń kọ́ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, lẹ́ẹ̀tì sì di ti káfíńtà, tó ń fi yí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ àga àti òpó àtẹ̀gùn. Ọpọ́n dúró sọ́dọ̀ àáké. Ẹni tó ní ẹ̀rọ kò ka ọpọ́n sí iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tó sì ń gbẹ́ ọpọ́n kò sún mọ́ ẹ̀rọ.

Igi ń yí, ènìyàn dúró

Ẹni tó mọ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yí lè rò pé òun ti mọ ọpọ́n yí. Àṣìṣe ńlá ni. Nígbà tí a bá ń yí ẹsẹ̀ àga, iṣan igi dọ́gba pẹ̀lú òpó tí igi ń yí lé lórí, irin sì ń gé ẹ̀gbẹ́ iṣan nígbà gbogbo. Ní ti ọpọ́n, iṣan igi dábùú. Ní gbogbo ìgbà tí igi bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹnu irin yóò kan ẹ̀gbẹ́ iṣan lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì kan orí iṣan tó le kókó lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí yóò gbà gbé irin: ní ìta ọpọ́n, láti ìdí lọ sí ẹnu, ní inú, láti ẹnu lọ sí ìdí. Bó bá ṣe òdì rẹ̀, iṣan tí kò ní ohun tó gbé e ró yóò fà ya, ara ọpọ́n yóò sì rí ṣákiṣàki. Kò sí bọ́tìnnì kan lára ẹ̀rọ tó mọ èyí.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí yíyan igi. Odum, ìyẹn ìrókò wa, lágbára, àwọ̀ rẹ̀ dára, kòkòrò kì í tètè jẹ ẹ́. Àmọ́ ó máa ń ní ohun líle bí òkúta nínú, èyí tí ń ba ẹnu irin jẹ́ lójijì. Wawa, ìyẹn arère, fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n rírọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kó gba ètè tó mú. Ògànwó wà láàárín àwọn méjèèjì, ó sì ń dán dáadáa. Ìtì igi ni wọ́n máa ń là sí méjì, kí wọ́n tó yọ ọ̀kan-àyà rẹ̀ kúrò, nítorí ibẹ̀ ni ìsán ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé e roboto, wọ́n á sì fi ìdè irin dì í mọ́ àwo irin tí ẹ̀rọ ń yí.

Kí a mú igi odum tútù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ó lè wúwo ju kílò 30 lọ, apá kan rẹ̀ sì lè wúwo ju èkejì. Bí ẹ̀rọ bá ń yí i ní ìgbà 400 láàárín ìṣẹ́jú kan, etí igi náà ń sáré ju mítà mẹ́wàá lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ eré tí àárín rẹ̀ ń sá kò tó nǹkan. Bí a bá sọ eré náà di ìlọ́po méjì, agbára tó fẹ́ já igi kúrò lórí ẹ̀rọ di ìlọ́po mẹ́rin. Eré tó tọ́ sí ẹsẹ̀ àga lè pànìyàn nídìí ọpọ́n. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kì í dúró sí ọ̀kánkán igi, tó sì ń fi ìbòjú bo ojú rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Bí igi bá ti yí geere, ìta ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Irin tó ní kòtò ní àárín ni wọ́n ń lò, ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fara kan igi kí ẹnu tó gé. Apá kì í ta irin yìí. Ìbàdí àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e, gbogbo ara á máa rọra yí bí ìlà ọpọ́n ṣe ń yí. Ìlà tó wọ́ láti ìdí dé ẹnu kò gbọ́dọ̀ já lágbede-méjì. Bí oníṣẹ́ bá dánu dúró, tó mí, tó tún bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti dúró yóò hàn. Lẹ́yìn ìta ni inú, níbi tí ojú kò ti fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Etí ló kù: igi tó ṣì nípọn ń dún wúwo, èyí tó ti ń fẹ́lẹ́ ń dún tínrín. Oníṣẹ́ ń gbọ́ ìwọ̀n ògiri ọpọ́n kí ó tó fi ọwọ́ kàn án.

Ọpọ́n ńlá kì í parí lọ́jọ́ kan. Igi tútù máa ń súnkì bí omi rẹ̀ ṣe ń gbẹ, kì í sì í súnkì dọ́gba. Lára ọ̀pọ̀ igi, bó ṣe ń súnkì yí ká òrùka ọdún rẹ̀ tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń súnkì láti ọ̀kan-àyà síta. Ní òró, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì rárá. Ọpọ́n tó ti ẹnu ẹ̀rọ bọ́ ní roboto yóò wá rí bí ẹyin lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi ògiri rẹ̀ sílẹ̀ ní nípọn, tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú ọpọ́n. Ọpọ́n tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50 yóò ní ògiri sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Wọ́n á fi ìda bo ibi tí orí iṣan wà kí ó má bàa tètè gbẹ ju ibi yòókù lọ, wọ́n á sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ kò ti le. Igi tó ń wọ Accra láti inú igbó kìjikìji kò rọrùn láti rọra mú gbẹ níbẹ̀, nítorí etíkun ìlú náà kì í rí òjò tó ti agbègbè igbó, ọyẹ́ sì máa ń dé láti Oṣù Kejìlá. Ọyẹ́ ló ń la ọpọ́n tí a kánjú ṣe. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a bá fagbára mú ní í nini lára.

Lẹ́yìn oṣù púpọ̀ ni wọ́n á tún gbé ọpọ́n náà sẹ́nu lẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yí i lẹ́ẹ̀kejì, ògiri á sì di bí sẹ̀ǹtímítà kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá igi àkọ́kọ́ ti di èérún nílẹ̀. Ètò Carroll bá iṣẹ́ yìí mu ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè retí lọ. Yíyí àkọ́kọ́ ni ọnà líle. Yíyí ẹlẹ́ẹ̀kejì ni alétúnlé, tí oníṣẹ́ padà pàdé igi tó ti yí ìwà padà lẹ́yìn rẹ̀. Sánpépà àti òróró ni dídán. Fínfín nìkan ni lẹ́ẹ̀tì kò ní, a óò sì rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀kan lára àléébù rẹ̀ wà.

Òṣùwọ̀n wo ni ká fi wọ̀n ọ́n?

Nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ère, tó jáde ní 1973, Robert Farris Thompson tò ohun tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń yẹ̀ wò. Lára wọn ni jíjọra, ìfarahàn, dídán àti gígún. Ère kò gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn jù, kò sì gbọ́dọ̀ ṣàìjọ ọ́; gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn gbangba; ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán; ó sì gbọ́dọ̀ gún régé. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó béèrè bóyá ipa irinṣẹ́ ṣì wà lára igi. Òdì rẹ̀ ni dídán ń béèrè: agbẹ́nà tó mọṣẹ́ máa ń pa ipa àáké rẹ́. Oníbàárà Arts Centre tó ń wá ipa àáké ń lo ojú àlejò tó ń wá ẹ̀rí pé ohun tí òun rà ti ilẹ̀ Áfíríkà wá. Ìyẹn jẹ́ òfin ìrántí ìrìn-àjò, kì í ṣe ti ọnà.

Bí a bá fi gígún àti dídán nìkan wọ̀n ọ́n, lẹ́ẹ̀tì ti borí kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ohun tí ẹ̀rọ ń fúnni nìyẹn. Lámèyítọ́ tó péye gbọ́dọ̀ lọ síwájú. Mo dábàá kókó mẹ́rin tó yẹ ká fi wo ọpọ́n ńlá. Àkọ́kọ́ ni ìlà ìta: ṣé ó wọ́ láti ìdí dé ẹnu láìjá, àbí ó ní ibi tí ó ti rọ̀ pẹ̀lẹ́ńgẹ́ bí ẹni pé ó rẹ oníṣẹ́? Èkejì ni bí inú ṣe bá ìta mu. Ọ̀pọ̀ ọpọ́n ló lẹ́wà ní ìta tí inú rẹ̀ sì jẹ́ kòtò lásán. Ẹni tó bá gbé e á mọ̀ pé ìdí rẹ̀ wúwo ju bí ojú ti rò lọ. Ẹ̀kẹta ni ìdí: bó bá fẹ̀ jù, ọpọ́n á jókòó gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, bó bá kéré jù, oúnjẹ tí a bù sínú rẹ̀ yóò dà nù. Ẹ̀kẹrin ni ibi tí oníṣẹ́ gbé ọnà tó wà lára igi fúnra rẹ̀ sí. Òrùka ọdún ìrókò lè hàn ní àárín ọpọ́n bí ojú omi tí a sọ òkúta sí, ó sì lè kàn pín sí ẹ̀gbẹ́ kan láìnídìí. Ẹni tó dá èyí mọ̀ kí ó tó la ìtì igi ti fi ojú inú ríran ṣáájú ẹ̀rọ.

Ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ

Kò yẹ ká tìtorí èyí gbé lẹ́ẹ̀tì ga ju ibi tó yẹ lọ. Ọpọ́n kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington, iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ tó kú ní 1938. Àwọn ère tó kúnlẹ̀ ló gbé e, ní àárín wọn sì ni orí ènìyàn kan wà tó ń yí gbirigbiri, tí kò ṣeé yọ jáde, nítorí inú igi kan náà ni Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ ẹ yọ láàárín àwọn ère yẹn. Lẹ́ẹ̀tì kankan kò lè ṣe irú rẹ̀ láé. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ohunkóhun tí kò bá yí po àárín kan ṣoṣo. Ọpọ́n àti àga àwọn Àṣàǹtí tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀, tí ọnà wọn sì ń ṣẹ́rí sọ́tùn-ún sósì, kò sí níkàáwọ́ rẹ̀.

Ohun kejì tí ẹ̀rọ ń gbà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ni ìrìn. Michael Cardew, tó wá sí Achimota ní 1942 fún iṣẹ́ amọ̀, ló dá ilé iṣẹ́ ìkòkò Abuja sílẹ̀ lẹ́yìn náà ní Nàìjíríà, níbi tí Ladi Kwali ti kọ́ bí a ṣe ń lo kẹ̀kẹ́ ìmọkòkò. Síbẹ̀, fún ìkòkò ńlá rẹ̀, ọwọ́ ni obìnrin yìí fi ń mọ ọ́n, á máa rìn yí ìkòkò ká bí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń ṣe. Ẹni tó ń rìn yí iṣẹ́ ká ń rí i láti igun gbogbo. Lẹ́nu lẹ́ẹ̀tì, igi ló ń yí, òjìji ìkùukùu ni ojú sì ń rí. Oníṣẹ́ tó gbọ́n máa ń pa ẹ̀rọ lóòrèkóòrè kí ó lè wo ohun tó ń ṣe. Èyí tí kì í pa á ni yóò fi ọpọ́n kan náà kún ọjà.

Àìsí fínfín sì ni àléébù kẹta. Òfìfo ni ara ọpọ́n lẹ́ẹ̀tì, àwọn kan sì ń fi àwọ̀ àti ìlà yẹpẹrẹ dí i. El Anatsui fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Ọmọ Anyako ni, tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Kumasi ní 1969, tó sì kọ́ni ní Winneba, ìwọ̀-oòrùn Accra. Nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, àtẹ igi roboto tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń pàtẹ ló mú, ó sì fi irin gbígbóná jó àmì adinkra sí i lára. Òbìrìkìtì tó ti wà tẹ́lẹ̀ di ilẹ̀ tí ọnà hù lórí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, ayùn oní-ẹ́ńjìnì ló ń fi gé igi, àwọn alárìíwísí sì yìn ín. Wọ́n ní ipa ayùn yẹn ń sọ ìtàn ìwà ipá tí wọ́n hù sí Áfíríkà. Bí wọ́n bá lè gba ayùn oní-ẹ́ńjìnì gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ayàwòrán, kí ló dé tí lẹ́ẹ̀tì fi ní láti wá ẹlẹ́rìí? Ìdáhùn mi ni pé ayùn ń fi ipa sílẹ̀ tí ojú rí, lẹ́ẹ̀tì sì ń pa tirẹ̀ rẹ́. Lámèyítọ́ wa ti sọ ariwo irinṣẹ́ di ẹ̀rí ìmọ̀.

Ìpínyà tí Achimota fi sílẹ̀ ṣì ṣeé tún ṣe, irinṣẹ́ kò sì ni ìdíwọ́. Láti ìgbà tí Technology Consultancy Centre ti bẹ̀rẹ̀ ní fásitì Kumasi ní 1972, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wọ Suame Magazine, àdúgbò àwọn oníṣẹ́ irin ní Kumasi, ní 1980, àwọn oníṣẹ́ irin Gánà ti ń fi lẹ́ẹ̀tì irin ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ lóríṣiríṣi. Àwọn káfíńtà Accra mọ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yí. Ohun tí wọn kò tíì rí gbà ni àwọn olùwò tó mọ ohun tí wọn yóò béèrè. Níwọ̀n ìgbà tí ìbéèrè wa kò bá kọjá “ọwọ́ ni àbí ẹ̀rọ?”, káfíńtà kò ní rí ìdí tí yóò fi dúró de igi títí yóò fi gbẹ, tàbí tí yóò fi ro ibi tí òrùka ọdún yóò bọ́ sí, nítorí kò sẹ́ni tí yóò san owó rẹ̀. Agbẹ́nà tó ń lo àáké náà yóò máa fi ipa àáké sílẹ̀ níbi tí bàbá rẹ̀ ì bá ti pa á rẹ́. Ẹni tó ń ra ọpọ́n, ẹni tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ àti ẹni tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà, àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ yí ìbéèrè padà: kí wọ́n gbé ọpọ́n sókè, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ mọ bí inú àti ìta rẹ̀ ṣe bára mu, kí wọ́n wo ìlà rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é.